Ilẹ̀ Àtàn-Ọ̀tà Di Ti Ọláníkẹ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Èmi, Fàsílátù Àbẹ̀kẹ́ Ògúndèyí, opó, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí mo ń gbé ní Ìjù lẹ́bàá Ọ̀tà, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fi agbára mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí.

1. Mo yan àbúrò mi, Múìdéènì, àti ọmọ mi obìnrin, Ṣàkírátù, gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ìwé ìhágún yìí.

2. Ilé mi ní Ìjù: kí ààfáà pín in fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, Fàlílù àti Ṣàkírátù, bí òfin Mùsùlùmí ti là á kalẹ̀. Fàlílù, ìwọ tí o wà ní Kánádà, má ṣe jẹ́ kí yàrá rẹ di ilé eku.

3. Ilé ìtajà oògùn mi ní Sángo, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì àti fíríìjì kékeré: Ṣàkírátù ni kó ni ín, kí a kà á mọ́ ìpín rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tajà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin, bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ jáde tí ara wọn ń gbóná, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń yà sí. Mo mọ ibà lójú, mo mọ̀ ọ́n nímú. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fẹ́ sọ ní ẹsẹ karùn-ún fi ń tì mí lójú.

4. Ewúrẹ́ mẹ́rin àti òbúkọ kan: ti Múìdéènì ni. Ọdún méje la fi yan ara wa lódì nítorí ààlà ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, òun ló ń gé koríko fún àwọn ẹran náà láràárọ̀, láìbá mi sọ̀rọ̀. Mo ń wò ó lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ìjà parí.

5. Ilẹ̀ mi ní Àtàn-Ọ̀tà: Ọláníkẹ́, ìyàwó Fàlílù, ni mo fi fún. Kì í ṣe ajogún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn gbà mí láàyè láti fún irú rẹ̀ ní ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá mi lọ, ilẹ̀ náà kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo yín gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, tọkọtaya náà wá sílé pẹ̀lú ọmọ wọn méjì. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Fàlílù ti fi Ọ̀tà sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, bí a ṣe mu ògì tán, Ọláníkẹ́ yọ hóró oògùn tó ń dènà ibà, ó pín in fún ọkọ àtọmọ. Bẹ́ẹ̀, ara gbogbo wọn dá ṣáṣá. Mo bú sẹ́rìn-ín lójú àlejò. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ ti di òyìnbó ni? Ọmọ tí mo bí sí Sángo, ẹ̀fọn wo ni kò mọ̀ ọ́n?"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Ara tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi ti gbàgbé ibà. Bí ẹ̀fọn bá jẹ wá báyìí, ibà á ṣe wá bí ẹni tí kò rí i rí. Dókítà ní ká máa lò ó lójoojúmọ́, títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a bá padà." Ó bu omi fún àwọn ọmọ, wọ́n gbé e mì.

Fàlílù wo ojú mi, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ju tirẹ̀ sápò, kò sì lò ó mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé mo borí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe obìnrin náà ní Dókítà Òyìnbó. Kò bínú, kò sì fi ọjọ́ kan pa oògùn àwọn ọmọ jẹ.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n padà dé Kánádà ni ara Fàlílù gbóná bí iná. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní òtútù lásán ni, kó lọ sùn. Ọláníkẹ́ kò kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Nàìjíríà ló ti dé, kò sì lo oògùn. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà." Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: ibà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ mi kò fi mọ ẹni tó ń pè é. Àwọn ọmọ tó lo oògùn, orí kò tilẹ̀ fọ́ wọn.

Lójoojúmọ́ ni Ọláníkẹ́ ń pè mí láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀. Mo ń retí kó ní, "Ṣé ẹ rí i?" Kò sọ ọ́. Nígbà tí Múìdéènì bi í pé kí ló fa àìsàn náà, ó ní, "Ẹ̀fọn ni, Bàbá." Ó bò mí láṣìírí. Fàlílù yè é.

Ọláníkẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Ìwọ lo gba ọmọ mi lẹ́nu ikú tí ẹnu mi fà. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe owó ìtanràn. Iyì rẹ ni.

6. Ẹ sin mí lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ẹ má dúró de ẹni tó wà ní Kánádà. Fàlílù, má fi ẹkún gun ọkọ̀ òfuurufú. Kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí o bẹ̀rẹ̀ oògùn kí o tó gbéra, kí o sì lò ó tán. Bí fídáù ọjọ́ kẹjọ bá ré ọ kọjá, wá fún ti ogójì. Bí ẹbí kan bá fi ọ́ ṣẹ̀sín, ka ìwé yìí sí i létí. Sàréè mi kò ní sá lọ.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìjù, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Fàsílátù Àbẹ̀kẹ́ Ògúndèyí

Ojú wa ló ṣe é:
Motúnráyọ̀ Àríyọ̀, agbẹjọ́rò, Ọ̀tà
Hajarat Àlàrí, aládùúgbò, Ìjù