Ọjọ́ Méje Láìtan Ẹ̀rọ Gáàsì

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ibùdókọ̀ Ojú Irin,
Lẹ́yìn Ilé-Ìwé Àwọn Nọ́ọ̀sì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Eyínfúnjowó,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó fi gbá àga yẹn ti san? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Àlàáfíà ni ilé wa wà, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o lè má dá mi lóhùn kíákíá, torí lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, àfi bíi pé ata lo fi kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin péré, kò sí ìkíni, kò sí "ó dàbọ̀". O ní ṣé èmi tí mo jẹun nílé yín láti kékeré ni mo wá ń wá bí wọn yóò ṣe ti ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ pa. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Àmọ́ lónìí, èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Jọ̀ọ́, kà á dópin kí o tó fà á ya.

A ṣe é! Ọjọ́ méje gbáko, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí fi oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi nìkan tan iná. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ń fi gáàsì pèsè iná tó ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì, ọkọ̀ ojú irin, títí kan ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyá ọkọ mi tó máa ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, gbogbo wọn ló rí iná lò.

O mọ àdéhùn tó wà nílẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé ó ṣeé ṣe. Àwọn ọ̀gá pátápátá ní kò burú, àmọ́ bí ẹ̀rọ gáàsì kan ṣoṣo bá lè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré láàárín ọjọ́ méje yẹn, wọn yóò ká ètò náà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, èmi náà yóò sì dìde lórí àga tí mo ti ń jókòó sí ní yàrá ìdarí iná láti ọdún méjìdínlógún. Bí a bá sì yege, wọn yóò ti ilé-iṣẹ́ gáàsì tí bàbá rẹ ti ń tọ́jú ẹ̀rọ láti ìgbà tí a wà ní kékeré. Ohun tó bí ọ nínú nìyẹn, mo mọ̀.

Àwọn èèyàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa bi mí pé ṣé oòrùn á wá máa yọ lóru nítorí tèmi ni. Mo ní bí oòrùn bá lọ sùn, ṣé omi náà á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣàn ni? Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọ̀sán la ti ń wá ti ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá mú, iná máa ń pọ̀ ju èyí tí a nílò lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù la fi ń fa omi láti adágún ìsàlẹ̀ lọ sí adágún orí òkè. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, a ó tú omi náà sílẹ̀, yóò máa já bọ̀, yóò sì máa yí ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ etíkun àti ti orí òkè kì í sábà sinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé yìnyín àwọn ẹlẹ́ja sì gbà láti máa ṣe yìnyín lọ́sàn-án, kí wọ́n sinmi nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn.

Ọkọ mi nìkan ni kò yé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń pa gílóòbù kiri ilé, tó ń wẹ̀ nínú òkùnkùn, tó ní òun ń ràn mí lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé títí pé a ò ní kí ẹnikẹ́ni fi iná du ara rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ìyàwó òun ò ní tẹ́. Lọ́jọ́rú ló forí gbá ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún, ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ́yìn yọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti ń wọ̀, àwọn èèyàn ti darí dé ilé, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń lọṣọ, ni afẹ́fẹ́ bá dá wáí ní etíkun àti lórí òkè. Aago ńlá kan tó ń wọn agbára iná wà lára ògiri yàrá ìdarí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sọ̀ kọjá ìlà pupa, apá kan orílẹ̀-èdè ti ṣókùnkùn nìyẹn. Mo rí i tó ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan náà ni mo sì ti ń ṣe fún ọdún méjìdínlógún bí ọwọ́ aago yẹn bá ti sọ̀: màá gbé fóònù, màá pe ilé-iṣẹ́ gáàsì. Ọwọ́ mi ti gbé fóònù kí orí mi tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ tan ẹ̀rọ kìíní." Bí ẹni tó ń sọ pé "ẹ káàárọ̀" ni mo ṣe sọ ọ́.

Bàbá rẹ ló gbé e. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó gbọ́ àṣẹ gbọ́dọ̀ tún un sọ fún ẹni tó pa á, ẹni tó pa á yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ká ní Bàbá kàn tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ ni, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ǹ bá dáhùn láìronú, torí ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ètò ì bá ti dàrú, iṣẹ́ wọn ì bá sì dúró fún ọdún mẹ́wàá sí i. Ẹnikẹ́ni ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ní, "O ní kí n tan ẹ̀rọ kìíní, lónìí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún nínú méje?"

Òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọjọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí. Mo ní, "Rárá o, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án. Mo ṣì í sọ ni." Wọ́n ní, "Ó dáa, mi ò ní tàn án," wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo pe àwọn tó wà nídìí adágún pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi kejì. Mo pe ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì pé kí wọ́n dá ọlọ wọn dúró fún wákàtí kan, bí a ṣe jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ aago yẹn dúró lókè ìlà pupa bíńtín, ó pẹ́ níbẹ̀ lójú mi ju oyún àkọ́bí mi lọ, kó tó wá máa gòkè padà. Kò sí gílóòbù kan tó ṣẹ́jú níbikíbi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Bàbá níbi iṣẹ́. Wọ́n ń fi àkísà nu ẹ̀rọ tí kò gbóná láti ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ dúpẹ́, wọ́n ní kí n gbé ọpẹ́ mi dání. "Mo fẹ́ kí ẹ kùnà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo tiẹ̀ gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kó dá yín dúró, kì í ṣe ahọ́n ẹ tó yọ̀. Tó bá jẹ́ báyẹn ni mo ṣe gba iṣẹ́ mi padà, ojoojúmọ́ tí mo bá tan ẹ̀rọ yìí ni màá máa rántí." Wọ́n nu ẹ̀rọ náà síwájú sí i. Wọ́n ní, "Ó sì ṣeé ṣe lóòótọ́. Mo ń wo aago tiwa náà. Mo rí i bó ṣe gòkè." Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ. Òwe ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ orí ọmọ tí Bàbá tún ṣe yìí, ọmọ tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn ni. Mi ò lè fi irú ẹ̀ pa mọ́ fún ọ.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìròyìn tí mo fún àwọn ọ̀gá, àti àṣìṣe mi àti ohun tí Bàbá ṣe. Wọn ò lé mi. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ gáàsì yóò tì ní ìparí oṣù yìí, àmọ́ kí bàbá rẹ wá sí adágún orí òkè, kí wọ́n wá máa kọ́ àwọn tó ń gba àṣẹ níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, owó oṣù wọn ò ní dín. Bàbá ò tíì dáhùn. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ọmọ àwọn ti bá mi jà nítorí àwọn. Bí àwọn bá wá lọ jókòó tì mí, ọmọ àwọn á ní àwọn dalẹ̀ òun.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, iwájú orí rẹ̀ tó wú ti ń fò.

Orílẹ̀-èdè yìí lè ṣe é. Mo ti rí i, kò sẹ́ni tó lè yí mi lérò padà mọ́. Èyí tó kù lapá mi ò ká. Pe bàbá rẹ lónìí. Má dárúkọ mi, má dárúkọ lẹ́tà yìí, ṣáà ní kí wọ́n lọ. Bí inú bá ṣì ń bí ọ sí mi, máa bínú lọ, èmi àti ìwọ á jọ yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o ń bá jà,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́