Iṣẹ́ Àkúrẹ́ Tí Ọkọ Mi Ò Tíì Mọ̀

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹjọ

Mo ti ríṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí mo ti fi í sínú, inú mi sì fẹ́ bẹ́ fún ayọ̀. Ilé ìtajà ńlá kan ní Arakale, ní Àkúrẹ́, ló gbà mí. Èmi tí mo ka ìwé girama péré.

Nígbà tí mo ti Àkúrẹ́ padà dé Oǹdó níbí lọ́jọ́ náà, mo bá Délé ọkọ mi níwájú ilé, ó ń kan ìsọ̀ fún mi. Pákó tó ṣẹ́kù níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lagi ló fi ń kàn án. Igi ò wọ ibẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti wà nílé.

“Ìyàwó, wá dúró kí n mọ bí tábìlì rẹ ṣe máa ga tó.”

Mo dúró. Ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi dé. Ìyá rẹ̀ ń fi wá rẹ́rìn-ín: “Ta ló fẹ́ rajà ládùúgbò tí gbogbo ọkùnrin jókòó sílé? Ẹ ó máa rà á lọ́wọ́ ara yín ni.”

Mo ti bẹ ọ̀gá ilé ìtajà náà pé kó gba Délé síṣẹ́ pẹ̀lú. Ó ní àwọn ò nílò lagilagi. Owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ á sì jẹ owó oṣù mi tán, àfi kí n máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Isikan, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oṣù méjì péré sẹ́yìn la ṣègbéyàwó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lanu láti sọ fún un, oúnjẹ tó fẹ́ jẹ ni mo bi í. Lẹ́tà tí ilé ìtajà náà fún mi ò fàyè sílẹ̀: gbogbo ẹni tí wọ́n gbà gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.