Orúkọ Tí Wọn Kò Kọ Sábẹ́ Fọ́tò

Adó-Èkìtì, Ọjọ́rú, oṣù Ọ̀pẹ, 1998.

Èmi Bùnmi ni mo ń kọ ọ́ bí Bàbá Òjó, bàbá ọkọ mi, ti ń sọ ọ́. Wọn kò mọ̀wé, inú sì ń bí wọn.

Mo gbé fọ́tò bàbá mi lọ sí láíbìrì lónìí, níbi tí wọ́n ti ń kó fọ́tò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àgbẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú fọ́tò náà. Bí mo ti dárúkọ bàbá mi ni ọ̀gá láíbìrì dá mi dúró.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Fọ́tò ti pọ̀ jù, a ò lè kọ orúkọ gbogbo èèyàn." Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àwọn àgbẹ̀, Ìyìn-Èkìtì."

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà ńlá yìí, ṣé orúkọ bàbá mi ni yóò kún un?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ará Ìyìn ni Fátóyìnbó, bàbá àgbà òun, àmọ́ òun ò rí fọ́tò rẹ̀ rí.

Fátóyìnbó ló fọwọ́ lé bàbá mi léjìká nínú fọ́tò yẹn. Èmi nìkan ló kù tó dá a mọ̀.

Bùnmi, má sọ fún un. Ọjọ́ tó bá kọ orúkọ bàbá mi ni yóò mọ ojú bàbá àgbà tirẹ̀.

Àmì àtàǹpàkò Bàbá Òjó nìyí.
Ẹlẹ́rìí: Dàda aránṣọ, Ìyá Ṣadé.