Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ọkọ mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ètò Ààbò,

Ẹ kú àbọ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ara ilẹ̀kùn ni mo lẹ ìwé yìí mọ́, torí n ò rí fóònù pè yín sí mọ́.

Mo fa aṣọ yín títí ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, ẹ ò dáhùn. Gbogbo èrò tó tò lẹ ń kọ́ ní ọgbọ́n tí wọ́n lè fi bọ́ lọ́wọ́ jàgùdà. "Ẹ má fi fóònù sápò o! Inú ìbọ̀sẹ̀ òsì ni tèmi ń gbé!" Ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Ọkùnrin onífìlà tó ń mirí jù nínú akẹ́kọ̀ọ́ yín ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti fóònù yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àgbà ní àìmẹ́nu àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tiyín ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀.

Ẹ tún ti júwe ilé wa fún wọn, ẹ ní abẹ́ ìkòkò òdòdó ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Mo ti sáré wá gbé e kúrò. N ò ní kọ ibi tó wà, torí ẹ ó kà á sókè fún aládùúgbò. Ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn títí n ó fi ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ dé.

Ìyàwó yín.

Ìwọ olè, tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ dé, abẹ́ ìkòkò ti ṣófo. Jọ̀ọ́, ju bàtà yẹn síbẹ̀ kóo máa lọ. Ọkọ mi tún ní kíláàsì lọ́la.