Apá Ọ̀tún Ọkọ̀

Ọjọ́rú, 22 Máàṣì 1972

Ìjẹ̀ṣà, ọkọ mi, da ẹ̀kọ mímu sórí tábìlì láàárọ̀ yìí. Abọ́ wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń wò ó, ó sì ń da ẹ̀kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń jẹun n'Iléṣà yín nìyẹn? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èéfín ló kó sóun lójú. Èéfín wo? Sítóòfù ti kú tipẹ́.

Ó tó oṣù kan tí kò wakọ̀ mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó ní Ọlọ́run ló ní kí òun máa sinmi nírọ̀lẹ́. Ọlọ́run ò kúkú sọ fún èmi.

Ọjọ́bọ̀, 23 Máàṣì

Mùíbì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Òun ló ń jókòó ti Ìjẹ̀ṣà nínú bọ́lẹ̀kájà wa, láti Òṣogbo dé Iléṣà, tó ń gbowó lọ́wọ́ èrò. Àgbà ọkùnrin, oníyàwó méjì — omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Oyèṣọlá, ẹ bá mi bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nítorí Ọlọ́run. Wọn ò ríran mọ́.” Ó ní láti Ìbòkun lọ, òun lòun ń ké: kòtò, ọ̀gá, ewúrẹ́, ọ̀gá, afárá rèé o. Ó ní ojú òun làwọn méjèèjì ń lò.

Ọkọ̀ tó ń kó odindi ìyá ọlọ́mọ!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Máàṣì

Mo bi ọkọ mi. Ariwo. Bí inú bá ti bí i, èdè Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, n kì í gbọ́ ìdajì. Nígbà tó rọ̀, ó ní ojú ọ̀hún kàn ń ṣe bàìbàì ni, Ọlọ́run á là á. Mo ní dókítà ojú wà, ká lọ. Ó yíjú sí mi bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. “Ṣé kí n torí awò ojú ta Jésù?”

Ìjọ wa kì í lo oògùn, èmi náà ò sì lò ó rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Nígbà tí ibà fẹ́ mú Oyèṣọlá lọ lọ́wọ́ mi, omi àdúrà nìkan la fún un. Ọmọ yẹn ló ń pariwo lábẹ́ tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tí a ṣe irú rẹ̀ fún, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé àdúrà kò tó?

Ọjọ́ Ìsinmi, 26 Máàṣì

Wọ́n gbàdúrà fún ọkọ mi lẹ́yìn ìsìn. Alágbà Amos — Àrá ni mo ń pè é láàárín èmi àti ara mi — bu omi lù ú lójú títí ẹ̀wù rẹ̀ fi rin gbingbin. Ó ní kó má dúró dìgbà tí ojú bá là kó tó jẹ́rìí. Ìgbàgbọ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú á tẹ̀lé e.

Mo ṣe àmín. Tọkàntọkàn ni mo ṣe é. Ọlọ́run, O gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 31 Máàṣì

Rédíò ò jẹ́ ká sinmi. Láti ọjọ́ Àjíǹde, gbogbo mọ́tò á fi apá òsì sílẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n á máa gbà jákèjádò Nàìjíríà. Ẹ̀rù ń ba gbogbo awakọ̀. Inú awakọ̀ tèmi ń dùn. Ó ní, “Gbogbo wa la máa di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́,” ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Bó bá ṣe àṣìṣe báyìí, ta ni yóò mọ̀?

Ọjọ́ Àjíǹde, 2 Épírì

Pásítọ̀ wàásù lórí bí Jésù ṣe ní kí àwọn apẹja ju àwọ̀n sí apá ọ̀tún ọkọ̀ wọn. Ó ní àṣé Jésù ti mọ̀ tipẹ́ pé ìjọba máa yí wa sọ́tùn-ún. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́nu ọ̀nà, kí a tó pínyà sí ìhà ọkùnrin àti ìhà obìnrin, ọkọ mi ti bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé nọ́mbà orin wo ló wà lára pátákó. Mo ní òjìlúgba. Mo rò pé ó fẹ́ tètè ṣí ìwé orin ni.

Àkókò ẹ̀rí dé, ó dìde. Ó ní láti orí ìjókòó òun, òun ń rí nọ́mbà orin kedere: òjìlúgba! Háà! Gbogbo ilé hó. Halelúyà lọ́tùn-ún, halelúyà lósì. Àrá gbé e sókè bí ọmọdé. Wọ́n ní kí èmi náà jó.

Mo jó.

Ọjọ́ Ajé, 3 Épírì

Kò sí àdúrà lẹ́nu mi lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Épírì

Ẹ̀rí ti tàn. Èrò ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀, tiwa ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ẹni tí Jésù la ojú rẹ̀ kò lè ní jàǹbá. Phebe, ìyàwó Alágbà, wá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ti mú ọkọ̀ wa fún àpéjọ Iléṣà, ọjọ́ kejìlélógún. Tọmọtọmọ ni wọ́n ń lọ. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó bọ̀.

Mo la ẹnu kí n sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ̀rí ọkọ rẹ ló gbé ìgbàgbọ́ mi ró.” Mo pa ẹnu mi dé. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Épírì

Mùíbì ti lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu lọ́rì kan ní Ìbòkun. Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀tún-ọ̀tún ìjọba yìí ló da òun rú. Mùíbì ní kì í ṣe ọ̀tún, kì í ṣe òsì, ọ̀gá ò rí lọ́rì náà rárá ni. Ó ní òun lọ́mọ nílé. Ó dìgbóṣe.

Mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi. Mo ní kó sọ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Ó ní, “Kí n jẹ́rìí tán, kí n wá sẹ́ ẹ? Wọ́n á ní Jésù ò lè ṣe é.” Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Kì í ṣe ìfọ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Épírì

Bí mo bá sọ fún Pásítọ̀, wọ́n á ní Sátánì ló gba ẹnu ìyàwó sọ̀rọ̀. Baba, Ìwọ nìkan ló kù. Má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn jí lọ́la. Ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Bí ebi yóò bá pa wá, kó pa wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Épírì

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló taná sí i. Ó jí.

Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin kún ọkọ̀ bámúbámú nínú aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Phebe jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n gòkè. Mo rìn lọ síwájú ọkọ̀, mo dúró gbọn-in láàárín iná rẹ̀ méjèèjì. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá máa tẹ ẹnì kan, kó tẹ èmi.

Oòrùn ń tàn. Ó gbé ọwọ́ lé sítíárìn. Ó ń wo ọ̀kánkán mi. Ó wá yíjú sí Phebe: “Ìyá Oyèṣọlá dà? Ẹ bá mi pè é kó máa bọ̀, ọjọ́ ti ń lọ.”

Orin dá. Phebe ní, “Bàbá Oyèṣọlá, iwájú yín ló wà.”

Mo ní, “Èmi nìyí.”

Ó pa ọkọ̀. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wò mí lójú. Àrá kọjá, kò kí wa. Mo na ọwọ́ sí ọkọ mi, ó gbá a mú, mo fà á lọ sílé lójúmọmọ, lójú gbogbo àdúgbò Òkè-Baálẹ̀.

Láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ohun tí a ó jẹ lọ́la. Mi ò mọ̀ bóyá a ṣì ní ìjọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ wá mi kàn báyìí ni. Ó ní, “Mi ò parọ́ o. Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́, Ọlọ́run máa ṣe é ni.”

Mo ní èmi náà rò bẹ́ẹ̀.