Ojúọlápé, A Ti Dá Ìgbátí Rẹ Padà

Ojúọlápé, aya mi, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí a sin ọ́ sí Ìsẹ́yìn níbí. Mo ní kí n jókòó, kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ọ. Ìjókòó náà ni kò gbà mí. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Láti ọjọ́ Ajé ni ara mi kò ti balẹ̀, o sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ilé tí o bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Ṣakí ti ní òrùlé. Fèrèsé yàrá rẹ kọjú sí ìlà oòrùn bí o ṣe fẹ́ ẹ. Èmi ni kì í lè pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí Ìbùkúnọlá ọmọ wa bí, tí o gbé pọ̀n kí o tó lọ, ti ń wọ aṣọ ilé ìwé. Ìbùkúnọlá fúnra rẹ̀ ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fídíò rẹ. Ṣọ́ọ̀bù Ojúọlápé kò tì í kógbá sílé! Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ìgbéyàwó wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣì ń béèrè àwo DVD. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ mú.

O rántí ìgbátí rẹ? Bí ènìyàn bá ti fi àwo rẹ sínú ẹ̀rọ, kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́nù ni yóò kọ́kọ́ yọ. Àwọn bọ́tìnnì onígun mẹ́rin á tò síbẹ̀, àwòrán kékeré kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí fún ìwàásù, èyí fún ibojì, èyí fún àwọn àlejò. Ní etí àwòrán ni o máa ń fi fọ́tò ẹtù tí ìyá rẹ hun sí, bí ìgbátí lára aṣọ. Tí wọ́n bá ti rí ẹtù yẹn, láti ibí dé Ìgbẹ́tì, wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni.

Àwa rò pé oge ni. Lọ́dún yìí Ìbùkúnọlá ní ó ti di ti àtijọ́, èmi náà sì ní kí ó yọ ọ́. Àwòrán wá kún inú bọ́tìnnì dé etí. Inú wa dùn.

Ní ọjọ́ Ajé ni Akínyẹlé ará Ogbooro gbé àwo ìsìnkú bàbá rẹ̀ padà wá. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Bàbá Ìbùkún, ẹ kú ilé o. Bàbá mi lórí nígbà tí a sin wọ́n. Ta ló wá gé e?”

Mo ní kí ó mú sùúrù. Ó ní ìyá òun ti pariwo pé kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, pé òun kò fẹ́ ọkọ tí yóò máa fi ọrùn wo òun nínú pálọ̀. Ó fi àwo lé orí tábìlì. “Ìyá Ìbùkún kì í ṣe báyìí,” ó sì lọ.

Òótọ́ ló sọ. Fọ́tò bàbá náà ga, nítorí ó dúró gbọnrangandan. Bọ́tìnnì kò ga tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà fẹ́ kí bọ́tìnnì kún, ó bá gé èyí tó lé sọnù, lókè àti nísàlẹ̀. Orí bàbá náà wà nínú èyí tó lé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ta ni yóò fojú rere wo òkú àgbà tí kò lórí?

Ìgbà náà ni mo rántí tiwa. Àwo ìrántí tìrẹ ti wà nílẹ̀. Ẹbí ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láti Ṣakí àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mo ní kí Ìbùkúnọlá fi í sínú ẹ̀rọ.

O kò sí níbẹ̀!

Ìwọ ló máa ń wà lẹ́yìn kámẹ́rà, Ojúọlápé. Fídíò kan ṣoṣo ni a ti rí ọ, èyí tí a yà nígbà tí a ń sọ ọmọ Ìbùkúnọlá lórúkọ. O gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, o sáré wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní etí pátápátá. Fídíò náà fẹ̀ ju bọ́tìnnì lọ, kọ̀ǹpútà sì gé ọ̀tún àti òsì. Mo rí kúlà, mo rí àga, mo rí èjìká mi kan. A ṣe àwo ìrántí fún ọ, a sì gé ọ kúrò nínú rẹ̀!

Ìbùkúnọlá sún àwòrán títí o fi yọ, ọmọ náà bá sọnù. Ó fún un pọ̀ kí gbogbo wa lè wọlé, ojú rẹ bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo ní kí ó pa á. Mo jáde lọ sí títì, mo padà, mo tún jáde.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti gbé ọ̀kan nínú àwọn àwo àtijọ́ rẹ síta. Ọkùnrin kan dúró nínú bọ́tìnnì, ó pé láti fìlà dé bàtà, ẹtù sì wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. A wò ó títí. Àyè tó ṣẹ́ kù ni o ń fi ẹtù dí! Ìwọ á dín àwòrán kù títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọ inú bọ́tìnnì, o á wá fi aṣọ kún ìyókù, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí ohun tí yóò gé. Bí ìyá rẹ ti ń ṣe náà nìyẹn. Bí òfì kò bá fẹ̀ tó ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, á hun ọ̀kan sí i, á rán an mọ́ ọn.

A ti dá ìgbátí rẹ padà. Ìyá Akínyẹlé ti rí ọkọ rẹ̀, ó ní kí a kú iṣẹ́. Nínú bọ́tìnnì tìrẹ, ẹtù wà lókè àti nísàlẹ̀, o sì dúró sí etí, o kéré, o di gèlè mú. Gbogbo wa ń wo ọmọ. Ìwọ nìkan ló ń wo kámẹ́rà, bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo padà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìbùkúnọlá ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí rìmóòtù sinmi.”

Ojúọlápé, a kò gbàgbé rẹ. A fẹ́ràn rẹ, ọdún kò dín in kù. Bí wọ́n bá ń yà wá ní fọ́tò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọn yóò ní kí n sún sí àárín, pé àyè ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò ní sún.

Ọkọ rẹ,
Ọláyanjú, fún gbogbo ẹbí