Omi Tí Wọ́n Fi Du Fọlákẹ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ring Road níbí. Mo kí àbúrò mi Lásún tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Lásún, má fo ibì kankan o. Mo ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lọ́mọ ní káǹpù àwọn eléré ìje.

Awakọ̀ tó ń ná Ìsẹ́yìn jíṣẹ́ yín fún mi ní Òjóò. Ẹ ní kóòṣì kọ̀wé sí yín pé mò ń ba Fọlákẹ́ jẹ́, pé mò ń fún un lómi mu, pé ọmọ tí yóò sáré gbọ́dọ̀ gbẹ bí panla. Ẹ ní kí n yé e. Ìyá mi, ọmọ àbúrò mi olóògbé ni. Ṣé èmi tí mò ń se oúnjẹ wọn ni n ó bà á jẹ́?

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi ń rí. Láràárọ̀, kóòṣì á ní kí n fọ́ ẹyin tútù mẹ́fà sínú ife fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé e mì, kò sí oúnjẹ mìíràn. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe fóun nìyẹn nígbà tóun ń sáré. Òórùn ẹyin ti wọ aṣọ mi, ọṣẹ kò yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan Fọlákẹ́ bì í sẹ́yìn ìdáná. Ọkùnrin yìí wo èébì náà, ó ní kí n fọ́ òmíràn. Ó rí mi lára títí dòní. Owó ẹyin tí wọ́n ń bì dànù yẹn ì bá ra iṣu tí yóò yó wọn.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan wá láti yunifásítì, ọmọ tí mo lè bí. Oúnjẹ àti ara èèyàn ló ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fojú di í. Ṣùgbọ́n kò ní kí n gba òun gbọ́, ó ní kí n wá wò ó. Ó gbé òṣùwọ̀n sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó wọn àwọn ọmọ kí wọ́n tó sáré, ó tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n nu òógùn tán. Èmi ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Fọlákẹ́ fi kílò méjì fúyẹ́! Mo ní ọ̀rá rẹ̀ ló yọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ọ̀rá kì í tètè yọ́ báyẹn, omi ló lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dán an wò, torí ó ní oòrùn ọjọ́ kan kì í ṣe ti èkejì. Lọ́jọ́ kan, iṣu àti ẹ̀wà ṣáájú eré, omi díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹyin tútù, kò sómi. Ọjọ́ omi, wọ́n ń sáré dópin. Ọjọ́ ẹyin, wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ṣebí bá a ṣe ń ra garawa náà nìyẹn: a kì í gbọ́ tẹnu ẹni tó ń tà á, omi là ń dà sí i wò.

Mo pe kóòṣì wá wo ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ kà á. Ó ní kí n fi omi nu ìdọ̀tí yẹn kúrò. Ó rómi fún ilẹ̀kùn, kò rí fún ọmọ!

Lọ́jọ́ Sátidé, Fọlákẹ́ ṣubú lórí pápá, ètè rẹ̀ funfun. Kóòṣì ní ìmẹ́lẹ́ ni. Èmi ni mo sáré gbé omi dé ibẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là. Nígbà tí mo bínú, ó ní ìyá àgbà ọmọ ti fún òun láṣẹ, pé kí ni tèmi, alásè lásán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n panu mọ́ kí iṣẹ́ má bàa bọ́. N kò rẹ́ni bá sọ ọ́ níbí, Ìyá mi, àfi ẹ̀yin.

Eré ńlá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí Lásún kọ ọ́ sórí ìwé pé kí Fọlákẹ́ jẹun kó tó sáré, kó sì mu omi. Kí ẹ tẹ̀ka sí i, kí awakọ̀ mú un bọ̀. Òjóò ni n ó ti dúró dè é. Ó ń rí mi lára pé ohun tí òṣùwọ̀n fi hàn kò tó fún ọkùnrin yìí láti gbà, ṣùgbọ́n kò ní lè ní kí n nu àtàǹpàkò yín kúrò.

Kí Ọlọ́run má fi òǹgbẹ pa ẹnikẹ́ni nílé wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Fọlákẹ́ náà ní kí n kí yín. Ó jókòó tì mí, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wojú ọ̀nà bó ṣe ń mu ún, kí kóòṣì má bàa ká a mọ́ ọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Abẹ̀kẹ́